Yew tàbí foxglove: èwo ni kí n gbìn sẹ́yìn ilé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tó mọ̀ nípa ọgbà. Leeds ni mo ń gbé, ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa ò ju mítà 4 lọ, òòrùn kì í sì í pẹ́ níbẹ̀.

Igi yew ni ọkọ mi fẹ́, torí ewé rẹ̀ máa ń tutù yọ̀yọ̀ kódà nígbà òtútù, a sì lè máa rẹ́ ẹ kó dà bí ògiri. Àmọ́ kì í tètè dàgbà rárá!

Foxglove lèmi ń rò. Mo gbin ẹyọ kan lọ́dún tó kọjá, ewé nìkan ló yọ, ó rọ̀ bí etí ewúrẹ́. Lọ́dún yìí ló ga dé èjìká mi, òdòdó aláwọ̀ àlùkò so rọ̀ lára rẹ̀ bí agogo, inú wọn rí tótòtó, oyin ń wọlé ń jáde. Bó ṣe so tán, ó kú. Ṣé kí n tún òmíràn gbìn ni, àbí hóró rẹ̀ tó já bọ́ á hù fúnra rẹ̀?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé májèlé wà nínú méjèèjì. Ọmọ mi ọlọ́dún 2 ò sì sí ohun tí kì í fi sẹ́nu, èso pupa yew yẹn jọ súìtì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ kékeré, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é?