Ṣé kí n to ìbọn fúnra mi ni, àbí kí n ra èyí tó ti parí?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìbọn tí n ó máa fi ta àmì lórí pápá ni mò ń wá. Ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó fún mi. Wọ́n ní kò sí èèwọ̀ bí mo bá tò ó nílé, kí n ṣáà má tò ó tà.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé owó á dínkù. Mo ṣírò ó. Nígbà tí mo fi owó irinṣẹ́ kún un, irinṣẹ́ tí mo lè má tún fọwọ́ kàn mọ́, èrè náà pòórá.

Àlàfo tó wà lẹ́yìn ìdí ọta ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bó bá fẹ̀ jù, ìkarahun ọta lè fàya, kí ooru rẹ̀ tú sí mi lójú. Ilé iṣẹ́ ti dán tiwọn wò kó tó jáde, tèmi ńkọ́? Ta ni yóò sì ra ìbọn tí ọ̀gbẹ̀rì tò bí mo bá fẹ́ tà á lọ́la?

Síbẹ̀, ó wù mí kí n mọ inú rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tò ó rí, ṣé ẹ kábàámọ̀? Bí oníṣẹ́ ìbọn bá bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó yìn ín, ṣé ìyẹn tó?