HOD ni mí, ṣùgbọ́n tíṣà àgbà kan ò fún mi ní nóòtì wọn

Olùbéèrè: Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni pírínsípà ti fi mí ṣe HOD (olórí ẹ̀ka) sáyẹ́ǹsì. Tíṣà márùn-ún ló wà lábẹ́ mi. Bàbá kan tó ń kọ́ kẹ́mísìrì ò gbé nóòtì, ìwé tí tíṣà ń kọ bó ṣe fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ sí, wá fún mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí mo bá wọlé, wọ́n á yíjú sí fèrèsé. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ní kí n lọ gbọ́njú ná, níṣojú àwọn àgùnbánirọ̀! Kọ́kọ́rọ́ láàbù pàápàá, ọwọ́ wọn ló wà. Mi ò sùn dáadáa mọ́. WAEC sì ń bọ̀ fún àwọn SS3. Kí ni kí n ṣe?

Màmá Ayétòrò: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Yọ “lábẹ́ mi” yẹn kúrò lẹ́nu ná. HOD kì í ṣe pírínsípà kékeré. Tíṣà tó ní kíláàsì tirẹ̀ ni ọ́, tó tún ń bójú tó bí ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣé wọ́n fún ọ ní lẹ́tà? Ṣé wọ́n kéde rẹ ní mítìǹgì? Píríọ́ọ̀dù mélòó lò ń kọ́?

Tíṣà Kábbà: Kúẹ́rì ni, lẹ́tà tó ní kí wọ́n wá ṣàlàyé ara wọn. Sọ fún pírínsípà kó kọ ọ́, ìwọ ò láṣẹ láti kọ ọ́ fúnra rẹ. Ẹni tó ń gbowó oṣù gbọ́dọ̀ kọ nóòtì, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kọ́.

Ọmọ Ìsánlú: Kúẹ́rì á mú èsì wá, kò ní mú nóòtì gidi wá. Ti ọdún tó kọjá ni wọ́n máa dà kọ, á pé, kò sì ní wúlò. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ máa wò nínú nóòtì: ṣé ó bá síkíìmù (ètò ohun tí a máa kọ́ ní sáà) ti ọ̀sẹ̀ yẹn mu, ṣé iṣẹ́ wà níbẹ̀ tí ọmọ máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ṣé ìbéèrè ìparí bá ohun tí tíṣà ní òun fẹ́ kọ́ mu. Bí kókó mẹ́fà bá wà fún píríọ́ọ̀dù ìṣẹ́jú 40, kò lè tán. Kí ẹ kàn fi bírò pupa sáìnì ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ máa gba ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ dá a padà lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ má fi sí Ajé. Ẹni tó sùn ní Kábbà tó ń kọ́ni lọ́nà Bùnú, kó tó dé, kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀, àtúnṣe yín ò lè wọ inú ẹ̀kọ́ mọ́.

Olùbéèrè: Píríọ́ọ̀dù 26 ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má dá mi lẹ́bi, mo gbìyànjú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo lọ jókòó ní kíláàsì bàbá náà, mo kọ gbogbo àṣìṣe tí mo rí sílẹ̀, mo mú un fún pírínsípà.

Físíìsì Ẹ̀gbẹ̀: Ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ ń bọ̀?

Olùbéèrè: Rárá. Mo fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń kọ́ni gan-an ni. Bàbá náà gan-an ni HOD tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi mí sí i.

Màmá Ayétòrò: Háà! Ìyẹn ló yẹ kó o kọ́kọ́ sọ. O gba ipò lọ́wọ́ wọn, o tún lọ fi wọ́n sùn.

Tíṣà Kábbà: Ẹ má bá a wí. Wíwo kíláàsì wà lára iṣẹ́ HOD.

Físíìsì Ẹ̀gbẹ̀: Wíwò ò burú, yíyọ́ wọlé ló burú. Ẹ jọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣáájú, kí ẹ mú ohun kan ṣoṣo tí ẹ máa wò: bíi, ọmọ mélòó ló ń dáhùn yàtọ̀ sí àwọn tó jókòó níwájú? Ẹ jókòó lẹ́yìn, ọmọ ni kí ẹ máa wò jù. Ẹ má tún ọ̀rọ̀ tíṣà ṣe níwájú wọn. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí tíṣà kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí i kó tó kan yín. Ìwé tí ẹ bá kọ ohun tí ẹ rí sí kì í lọ sí ọ́fíìsì pírínsípà. Kíláàsì tiyín ni kí wọ́n sì kọ́kọ́ wò.

Màmá Ayétòrò: Lọ sílé wọn nírọ̀lẹ́, má lọ sí yàrá àwọn tíṣà. Tọrọ àforíjì lórí ìwé tó o mú lọ, má dá ọ̀rọ̀ nóòtì sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ní mítìǹgì ẹ̀ka yín, fa láàbù lé wọn lọ́wọ́ ní gbangba. Titration SS3 (dída ásíìdì sínú álíkálì díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ á fi yí padà) ń fẹ́ ojú àgbà: ọmọ á kọ ìwọ̀n 23.5 dípò 23.50, á fi èyí tó kọ́kọ́ dán wò lásán kún àròpín, máàkì á sì lọ. Kí bàbá máa ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọmọ Ìsánlú: Ẹ fi èyí kún un. Kí ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé ìdánwò ọmọ mẹ́ta, kí gbogbo yín máàkì wọn láì bára yín sọ̀rọ̀, kí ẹ wá fi wé ara. Níbi tí máàkì bá ti jìnnà síra ni ìlànà máàkì yín ò ti yé ara yín. Ẹ máa rí i pé bàbá á ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Olùbéèrè: Mo gbọ́. Màá lọ lọ́la. Nóòtì tèmi ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń wò ó láti ìgbà tí mo ti di HOD.

Ọmọ Ìsánlú: Ẹ gbé e fún bàbá lọ́jọ́bọ̀.