Ìrírí Wa Nílé Àyẹ̀wò Erùpẹ̀ ti Yunifásítì

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Mo ti ka ìrírí àwọn tó ṣáájú mi, mo sì fẹ́ fi tèmi kún un.

Odindi ọdún méjì ni ewé àgbàdo mi fi ń di elésè àlùkò láti kékeré, tí mo rò pé àìtó phosphorus, ọ̀kan nínú èròjà tí ohun ọ̀gbìn nílò, ló fà á, tí mo sì ń da ajílẹ̀ tó ní in sí i láìrí ìyàtọ̀ kankan. Nígbà tí ó sú mi, mo bu erùpẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ méjì létí oko, mo sì gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò yunifásítì kan. Màmá tó gbà á lọ́wọ́ mi kò tíì gbé e dé ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi bi mí pé, “Níbo gan-an lẹ ti bù ú?” Mo ní ibi tí a ti máa ń sun pàǹtí oko ni, nítorí pé ibẹ̀ ló rọ̀ láti gbẹ́. Wọ́n dá a padà. Wọ́n ṣàlàyé pé eérú máa ń dín kíkan ilẹ̀ kù, ó sì máa ń fi potassium, èròjà mìíràn tí ohun ọ̀gbìn nílò, kún un, nítorí náà èsì tí erùpẹ̀ yẹn bá mú wá kò ní jẹ́ ti oko mi.

Wọ́n ní kí n rin oko náà já, kí n máa yà sọ́tùn-ún yà sósì, kí n bu erùpẹ̀ níbi 15 sí 20, kí n wà á dé nǹkan bíi 20 sẹ̀ǹtímítà, kí n pò ó pọ̀ nínú ike tó mọ́, kí n sì sá a níbòòji. Wọ́n kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ lo korobá onípáànù, nítorí pé zinc ara rẹ̀ lè wọ inú erùpẹ̀. Ẹ rò ó wò: erùpẹ̀ òkè ilẹ̀ hẹ́kítà kan lè tó mílíọ̀nù 2 kílógíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ̀nba gíráàmù díẹ̀ péré ni wọn yóò sì fi wọ̀n ọ́n. Bí a bá ti ṣì í bù lóko, kò sí ẹ̀rọ tó lè tún un ṣe.

Èsì erùpẹ̀ tí mo tún bù fi hàn pé pH ilẹ̀ mi, ìyẹn ìwọ̀n kíkan rẹ̀, jẹ́ 4.8, ó sì kan jù. Irin àti aluminium inú ilẹ̀ kíkan náà ló ń di phosphorus mú, tí gbòǹgbò kò fi rí i mu. Láìmù, ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tó ń dín kíkan ilẹ̀ kù, ni wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lò, kì í ṣe ajílẹ̀.

Mo wá bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé iye kan kéré tàbí pé ó tó. Wọ́n ní láti 1840 ni Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́mísìrì ní Jámánì, ti ń kọ́ni pé àwọn èròjà inú ilẹ̀ ni ohun ọ̀gbìn fi ń dàgbà, ṣùgbọ́n àpapọ̀ èròjà kò sọ iye tí gbòǹgbò lè rí mu. Oko ìdánwò ló ń sọ ìyẹn, ohun tó sì so iṣẹ́ yìí mọ́ yunifásítì nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, òfin Hatch ti 1887 fi owó ìjọba dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ lábẹ́ àwọn kọ́lẹ́jì ọ̀gbìn, níbi tí a ti lè gbin irúgbìn sórí ilẹ̀ kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí a sì fi ìkórè wé èsì àyẹ̀wò.

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Èmi gbé erùpẹ̀ kan náà lọ sí ilé àyẹ̀wò méjì, iye phosphorus wọn kò sì bára mu. Inú bí mi gan-an, mo gbà pé ọ̀kan nínú wọn ti ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀kan ń lo ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Bray àti Kurtz gbé jáde ní Yunifásítì Illinois ní 1945, èkejì ń lo ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Mehlich 3, ti 1984. Omi tí wọ́n fi ń fa phosphorus jáde kò dọ́gba, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àtẹ ìtumọ̀ tirẹ̀, ìmọ̀ràn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Láti ìgbà náà, ilé àyẹ̀wò kan ṣoṣo ni mò ń lò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, mo sì kó gbogbo ìwé èsì wọn sínú fáìlì kan.