Pálọ̀ tí kò ní ògiri láàárín: báwo ni a ṣe lè to sinimá inú ilé síbẹ̀?

Olùbéèrè:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Pálọ̀ wa kò dá dúró. Òun, ibi ìjẹun àti ilé ìdáná wà nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, kò sì sí ògiri tàbí ilẹ̀kùn láàárín wọn. Bí ènìyàn bá jókòó tó dojú kọ ibi tí tẹlifíṣàn yóò wà, ògiri wà ní ọwọ́ òsì pẹ̀lú fèrèsé ńlá kan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ṣí sílẹ̀ dé ibi ìjẹun, ẹ̀yìn àga náà sì ṣí sílẹ̀ dé ilé ìdáná. Láti orí àga dé ara ògiri iwájú tó nǹkan bíi mítà 3. Ilẹ̀ náà jẹ́ táìlì, kò sí ohun tí a tẹ́ sórí rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí a lè wo fíìmù pẹ̀lú ohùn tó yí ènìyàn ká, kí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré sì máa yé wa láìjẹ́ pé a ń yí ohùn sókè sódò títí fíìmù yóò fi parí. Mo ń ṣiyèméjì láàárín sípíkà 5.1 (ìyẹn sípíkà 5 àti wúfà 1, sípíkà tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ tó wúwo jáde) àti soundbar kan (sípíkà gígùn kan ṣoṣo tó máa ń wà nísàlẹ̀ tẹlifíṣàn) tí wọ́n ní ó máa ń fi ohùn lu ògiri kí ó lè dà bí ẹni pé sípíkà wà lẹ́yìn ẹni. Mo tún ń rò ó bóyá purojẹ́kítọ̀ yóò dára ju tẹlifíṣàn lọ. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, níbo sì ni kí n gbé sípíkà ẹ̀yìn sí nígbà tí kò sí ògiri tí n ó kàn án mọ́?

Ìdáhùn kìn-ín-ní:

Ẹ ṣé tí ẹ ṣàlàyé ilé náà dáadáa, nítorí àlàyé yẹn ló jẹ́ kí ó ṣeé dáhùn. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti fi ohùn kún gbogbo gbọ̀ngàn náà. Àga tí ẹ óò jókòó sí nìkan ni ẹ ń ṣètò fún. Ẹ fi ojú inú fa ìlà yí àga àti tẹlifíṣàn ká, ẹ kà á sí yàrá kan, kí gbogbo sípíkà sì wà nínú ìlà náà. Níbi tí kò bá ti sí ògiri tó ń dá ohùn padà, agbára ohùn máa ń dín ní nǹkan bíi désíbẹ́ẹ̀lì 6 (désíbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn agbára ohùn) nígbàkúùgbà tí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyí tí sípíkà kékeré tó sún mọ́ yín fi lè wúlò ju ńlá tó wà lọ́nà jíjìn.

Ní ti soundbar tó ń fi ohùn lu ògiri, n kò ní gbà yín níyànjú láti rà á fún ilé yìí. Ó nílò ògiri ní ọ̀tún àti ní òsì. Ohùn tó bá rán sí ọwọ́ ọ̀tún yín yóò bá ibi ìjẹun lọ, kò sì ní padà wá sí etí yín. Èyí tó ń rán ohùn sí òkè yàtọ̀ díẹ̀, torí pé àjà yín ṣì wà lókè. Bí ó bá tẹ́jú tí kò sì ga jù, yóò dá ohùn náà padà. Síbẹ̀, bí àyè bá wà, sípíkà 5 pẹ̀lú wúfà 1 ni mo fara mọ́.

Ẹ fa okùn láti orí àga lọ sí àárín tẹlifíṣàn. Sípíkà iwájú méjèèjì yẹ kí ó wà ní igun dígírì 22 sí 30 sí okùn yẹn, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Bí wọ́n bá wà lára ògiri iwájú, ní mítà 3 sí yín, àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì yóò wà láàárín mítà 2.4 àti 3.5. Sípíkà ẹ̀yìn wà ní dígírì 110 sí 120, ìyẹn ni pé kí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí wọ́n sì fà sẹ́yìn díẹ̀. Kò pọn dandan kí a kàn wọ́n mọ́ ògiri rárá. Ẹ gbé wọn sórí òpó tí wọ́n ṣe fún sípíkà, kí wọ́n ga ju etí ẹni tó jókòó lọ díẹ̀. Àwọn kan ń ta èyí tí kò ní wáyà, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì nílò iná, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà.

Sípíkà àárín ni kí ẹ má ṣe fi tàfàlà. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré ti ń jáde, òun gan-an sì ni ìdáhùn sí ohun tí ẹ ń ráhùn lé lórí. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ tẹlifíṣàn, ẹ gbé imú rẹ̀ sókè kí ó dojú kọ etí yín.

Ìdáhùn kejì:

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwòrán, torí pé ẹni tó ṣáájú mi kò fọwọ́ kàn án. Purojẹ́kítọ̀ kò lè ju àwọ̀ dúdú sára ògiri. Ibi tó bá yẹ kó dúdú nínú àwòrán, ńṣe ni kì í ju ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ojú fèrèsé tàbí ilé ìdáná wọlé, gbogbo ibi dúdú yóò di eérú. Nínú yàrá tó ní ilẹ̀kùn, ẹ lè pa gbogbo iná. Nínú gbọ̀ngàn yín, ẹnì kan lè fẹ́ tan iná ilé ìdáná nígbàkúùgbà, kò sì yẹ kí fíìmù sọ ilé di ibi tí ẹlòmíràn kò ti lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Tẹlifíṣàn ni kí ẹ rà.

Ní ti bí yóò ṣe tóbi tó, àwọn tó ń ṣètò ilé sinimá máa ń fẹ́ kí àwòrán gba dígírì 30 ó kéré tán nínú ojú ẹni tó ń wò ó. Ní mítà 3, èyí jẹ́ tẹlifíṣàn tó tó nǹkan bíi ínǹṣì 72. Bí ẹ bá fẹ́ dígírì 40, yóò lọ sí nǹkan bíi 98. Èyí tó jẹ́ 75 bá ilé yín mu. Ẹ má gbé e ga jù. Àárín rẹ̀ kò yẹ kó ga ju ojú ẹni tó jókòó lọ púpọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọrùn yóò máa dùn yín. Ó dára pé fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò dojú kọ tẹlifíṣàn. Kọ́tìnì tó nípọn yóò yanjú ìyẹn.

Ìdáhùn kẹta:

Mo gbà pẹ̀lú ẹni àkọ́kọ́ lórí ìlà tó ní kí ẹ fà, àfi níbi béèsì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ tó wúwo tí wúfà ń gbé jáde. Béèsì kò mọ ìlà kankan. Ìgbì ohùn tó wà ní 80 Hz (ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 80 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) gùn tó mítà 4.3, èyí tó wà ní 30 Hz sì kọjá mítà 11. Ńṣe ni yóò tàn ká pálọ̀, ibi ìjẹun àti ilé ìdáná bí omi tí a dà sórí táìlì. Yàrá kékeré tó sé pinpin máa ń ran wúfà lọ́wọ́, ilé tó ṣí sílẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wúfà kékeré yóò máa làkàkà níbẹ̀ títí ohùn rẹ̀ yóò fi bàjẹ́. Ẹ ra èyí tó lágbára, tàbí kí ẹ ra méjì tó mọ níwọ̀n, kí ẹ gbé wọn sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Méjì máa ń jẹ́ kí béèsì rí bákan náà fún gbogbo ẹni tó wà lórí àga.

Láti mọ ibi tí ẹ óò gbé e sí, ẹ gbé wúfà sórí àga níbi tí ẹ máa ń jókòó, ẹ fi orin tí béèsì rẹ̀ ń lọ déédéé sí i, kí ẹ wá máa rákò lẹ́bàá ògiri, kí etí yín sún mọ́ ilẹ̀. Ibi tí béèsì bá ti dún kedere, tí kò kùn, tí kò sì pòórá, ni àyè rẹ̀. Ó lè dà bí ohun àjèjì lójú àwọn ará ilé, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Ohun kejì ni pé ògiri òsì yóò máa dá ohùn padà, ọwọ́ ọ̀tún kò sì ní ohun tí yóò fi dá a padà, ohùn yóò sì fẹ́ fà sí òsì. Kọ́tìnì nípọn tí ẹni tó ṣáájú mi dárúkọ yóò ṣe iṣẹ́ méjì níhìn-ín, torí yóò gbé lára ohùn náà mì. Ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn síwájú àga, nítorí táìlì lásán máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́ mọ́ra. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lo máíkì tó bá ampilifáyà (ẹ̀rọ tó ń fún àwọn sípíkà lágbára) wá. Ẹ gbé e sí ibi tí orí yín máa ń wà, kí ilé pa rọ́rọ́, kí ampilifáyà wọn ìjìnnà àti agbára sípíkà kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ fún un pé kí ó fi gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz ránṣẹ́ sí wúfà.

Olùbéèrè:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Tẹlifíṣàn ínǹṣì 75 àti 5.1 ni n ó mú. Ìbéèrè méjì ló kù: ṣé kí n ti àga sẹ́yìn títí yóò fi kan káńtà ilé ìdáná, kí ó lè rí ohun fẹ̀yìn tì? Kí ni a ó sì ṣe ní alẹ́ tí àwọn ọmọ bá ti sùn?

Ìdáhùn kìn-ín-ní:

Ẹ má ṣe tì í. Ẹ̀yìn tó ṣí sílẹ̀ yẹn jẹ́ àǹfààní tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní, nítorí àga tó fẹ̀yìn ti nǹkan kì í jẹ́ kí sípíkà ẹ̀yìn rí àyè, béèsì sì máa ń wú sí i bí àga bá ti kan ògiri. Ẹ fi àlàfo bíi mítà 1 sílẹ̀ lẹ́yìn àga, kí ènìyàn lè kọjá láìkọlu òpó sípíkà.

Ní alẹ́, ẹ wá ètò òru nínú ampilifáyà. Ó máa ń dín ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ àti ariwo ìbúgbàù kù. Ẹ fi désíbẹ́ẹ̀lì 2 tàbí 3 kún sípíkà àárín, kí ẹ sì dín wúfà kù, torí òun ló máa ń gba inú ògiri kọjá dé yàrá àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wáyà sípíkà ẹ̀yìn gba etí ògiri òsì àti abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kọjá kí ẹ tó to àga. Wáyà 16 AWG (AWG ni òṣùwọ̀n bí wáyà ṣe nípọn tó) tó fún sípíkà 8 ohm (ohm ni òṣùwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀) títí dé nǹkan bíi mítà 14. Láti tẹlifíṣàn sí ampilifáyà, wáyà HDMI kan ṣoṣo ti tó, bí ẹ bá kì í bọ ojú ihò tí wọ́n kọ eARC sí lára, ìyẹn ihò HDMI tó lè gbé ohùn tẹlifíṣàn lọ sí ampilifáyà.