Orúnkún màmá wa ní Kubwa: ṣé kí wọ́n sinmi ni, àbí kí wọ́n ṣe eré ìdárayá?

ỌmọÌyá_Kubwa béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá wa ti pé ẹni ọdún 63, ẹ̀wà àti gàrí ni wọ́n ń tà ní Kubwa, l'Abuja. Orúnkún méjèèjì ló ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún le jù. Bí wọ́n bá jí láàárọ̀, ó máa ń gan fún bí ìṣẹ́jú 10 kó tó tú. Dókítà ya fọ́tò eegun, ó ní osteoarthritis ni, ìyẹn àrùn oríkèé tó ń jẹ ohun dídán tó bo orí eegun, ó sì ní kí wọ́n lọ rí àwọn físíò, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara. Àwọn aládùúgbò ní kí wọ́n má rìn mọ́, pé eegun ti ń ha eegun. Ṣé eré ìdárayá ò ní jẹ ìyókù orúnkún náà tán? Èwo gan-an ni wọ́n lè ṣe nílé, kí ló sì yẹ kó jẹ́ iye rẹ̀? Wọ́n ń kírun márùn-ún, orí àpótí kékeré ni wọ́n sì ń jókòó sí nídìí ọjà.

Físíò_Gwagwalada:

Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá wọn dúró sójú kan. Ohun dídán tó bo orí eegun nínú orúnkún kò ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, omi inú oríkèé ló ń bọ́ ọ. Ìgbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́ tí a sì ń tú u sílẹ̀ ni omi yẹn ń wọlé, tó ń jáde. Ẹni tó bá jókòó pa, ẹran iwájú itan rẹ̀ á joro, ẹran yẹn gan-an ló sì ń gba ẹrù kó tó kan oríkèé. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́sọ́nà tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 2022 fi ní kí wọ́n fi eré ìdárayá lọ gbogbo ẹni tó ní àrùn yìí. Fọ́tò eegun náà, ẹ má jẹ́ kó dáyà já yín. Ẹlòmíì, fọ́tò rẹ̀ burú, kò sì ní ìrora tó bẹ́ẹ̀. Ti ẹlòmíì ò burú, síbẹ̀ kò lè gun àtẹ̀gùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, orí ibùsùn ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì, ẹ fi sábẹ́ orúnkún, kí wọ́n fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ẹran itan á fi le, kí wọ́n ka oókan dé àárùn-ún, kí wọ́n tú u. Ìgbà 10, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ká ẹsẹ̀ kan, kí wọ́n na èkejì gbọnrangandan, kí wọ́n gbé e sókè tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30, kí wọ́n ka àárùn-ún, kí wọ́n rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ìgbà 10 náà ni. Bí orúnkún bá ti ń ká díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀, ó ti rẹ ẹran itan nìyẹn, kí wọ́n dúró. Kí wọ́n má sì mú èémí dání, pàápàá bí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí wọ́n bá ti lè ṣe é 15 láìsí wàhálà, ẹ da ìrẹsì ìlàjì kílò sínú ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ẹ so ó mọ́ kókósẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ mú ní òkúnkúndùn ni dídìde àti jíjókòó, torí òun ni wọ́n ń fi gbogbo ọjọ́ ṣe. Ẹ wá àga tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 45, ẹ fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri kó má baà yọ̀. Kí wọ́n sún ìdí wá sí etí àga, kí gìgísẹ̀ bọ́ sẹ́yìn orúnkún díẹ̀, kí ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ̀ tó èjìká. Kí wọ́n tẹ àyà síwájú títí imú á fi wà lókè ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí wọ́n wá dìde láìfi ọwọ́ ti itan. Jíjókòó padà ni iṣẹ́ wà jù: kí wọ́n ka oókan, èjì, ẹ̀ta kí ìdí tó kan àga. Ìgbà 8, kí wọ́n sinmi ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n tún ṣe 8. Ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ ìsinmi kan wà láàárín.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé orúnkún méjèèjì á máa wọ́ síra wọn, tàbí kí wọ́n já lulẹ̀ sórí àga gbìì, tàbí kí ẹsẹ̀ òsì tó sàn jù máa gbé gbogbo ẹrù. Ẹ dúró níwájú wọn kí ẹ wò ó. Bí ó bá jẹ́ ti òsì, ẹ ní kí wọ́n fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn díẹ̀, á di dandan fún un láti ṣiṣẹ́. Bí wọn ò bá lè dìde rárá, ẹ gbé tìmùtìmù tó le sórí àga kó ga sí i, kí ẹ máa dín gíga rẹ̀ kù bí agbára bá ṣe ń dé.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ lè fi gígun àtẹ̀gùn kún un. Búlọ́ọ̀kù 6 inch tí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ gbígbòòrò lélẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, ó tó. Kí ó wà lórí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, kí wọ́n di ògiri mú. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni kí ẹ fún un kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Ọmọ_Kàdúná:

Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ dára. Mo fẹ́ fi ti ilé àti ọjà kún un. Àpótí kékeré yẹn, ẹ gbé e kúrò. Ìjókòó tí orúnkún bá ga ju ìbàdí lọ níbẹ̀ ló ń mú dídìde le. Kí wọ́n sì máa dìde rìn díẹ̀ ní gbogbo ìlàjì wákàtí. Ìgbálẹ̀ olópòó gígùn ni kí wọ́n fi gbálẹ̀. Ti ìrun, ẹ̀sìn fàyè gba àìlera: kí wọ́n dúró fún ibi tí wọ́n bá lè dúró, kí wọ́n jókòó lórí àga fún ìforíkanlẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kúnlẹ̀, ẹ fi fóòmù nínípọn sórí ẹní, ẹ gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí wọ́n fi ọwọ́ tì í dìde, ẹsẹ̀ tó lágbára ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú.

Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ níhìn-ín ní òkè Ọya, aṣọ tí a fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rẹ, tí a fi lé orúnkún fún ìṣẹ́jú 15, máa ń tú gígan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún sùn mọ́jú. Ó ń tuni lára lóòótọ́, àmọ́ orúnkún á kọ́ láti máa ká, kò sì ní nà tán mọ́.

Apòògùn_Nyanya:

Ọ̀rọ̀ oògùn nìkan ni tèmi. Diclofenac, oògùn ìrora tí a ń fi pa ara, ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò, ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́, kí wọ́n fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Tí wọ́n bá wá ń gbé ibuprofen àti diclofenac mì pọ̀, ó lè dá egbò sínú ikùn, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Oògùn àpòpọ̀ tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá tà ní àárín ọjà, ẹ sá fún un. Dexamethasone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára, lè wà nínú rẹ̀, ìrora á lọ kíá, ojú á wú, ṣúgà á gòkè, eegun á sì di ahẹrẹpẹ. Ẹni tó bá sì ti fi ìpara gbígbóná pa orúnkún kò gbọdọ̀ fi aṣọ gbígbóná lé e, ó ń bó awọ.

ỌmọÌyá_Kubwa:

Olúwa á bùkún yín. A ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn ìgbà kejì tí wọ́n ṣe dídìde àti jíjókòó láàárọ̀, ọ̀tún dùn wọ́n gan-an títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó sì wú díẹ̀. Ṣé ká dáwọ́ dúró ni?

Físíò_Gwagwalada:

Rárá, ẹ dín in kù ni. Ẹ ní kí wọ́n fún ìrora náà ní máàkì láti 0 dé 10. Bí wọ́n bá ń ṣe é tí kò kọjá 5, tó sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ láàárín wákàtí 24, kò séwu. Ti màmá kọjá wákàtí 24, ìyẹn ni pé iṣẹ́ náà pọ̀ jù fún wọn báyìí. Ẹ dín 8 kù sí 5, ẹ fi tìmùtìmù gbé àga ga, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹyọ kan tàbí méjì kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Fún wíwú náà, ẹ fi aṣọ wé pure water tó ti dì, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15.

Bí orúnkún bá gbóná tó pọ́n, tí ibà wà níbẹ̀, tàbí tó há tí kò ká tí kò nà, tàbí tí ẹ̀yìn ojúgun kan bá wú tó ń ro, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ìdárayá mọ́, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni.

Bí wọ́n bá sanra, kílò kan tí wọ́n bá fọn ń gbé ẹrù bíi kílò mẹ́rin kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí gàrí àti mínírà aládùn.

Ọ̀pá ìtìlẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ òsì ni kí wọ́n fi dì í mú nígbà tó jẹ́ ọ̀tún ló ń dùn wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe àṣìṣe, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn dì í mú. Kí wọ́n wọ bàtà, kí wọ́n dúró ṣánṣán, kí ọwọ́ rọ̀ sílẹ̀: ibi tí ọrùn ọwọ́ bá dé ni orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ dé. Lórí àtẹ̀gùn, òsì ló ń ṣáájú bí wọ́n bá ń gòkè, ọ̀tún pẹ̀lú ọ̀pá ló ń ṣáájú bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ kọ àwọn ìgbà tí wọ́n bá ṣe sínú ìwé, kí ẹ mú un dání wá bá físíò tí dókítà rán yín sí.