Awò kékeré kọ́, awò àpò ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ ká fún baínókúlà, ohun tí àwọn tó ń wo ẹyẹ máa ń gbé kọ́rùn kí wọ́n lè rí ohun tó jìnnà. Wọ́n ní ká pè é ní "awò olójú méjì", ká sì pe èyí tó ń wọ àpò ní "awò kékeré olówó gọbọi". Mo fara mọ́ "awò". Nínú orúkọ méjèèjì yìí, ibẹ̀ nìkan ni mo bá wọn dé.

Awò ojú tí bàbá àgbà fi ń ka Bíbélì, ṣé kì í ṣe olójú méjì ni? Ẹlòmíràn ní ká kúkú pè é ní "awò ọlọ́pàá méjì", nítorí ọ̀pá méjì tó so kọ́ra. Ẹ kà á sókè kí ẹ gbọ́: àwọn agbófinró ló máa wá sọ́kàn olúwarẹ̀. Ní tèmi, kí baínókúlà máa jẹ́ baínókúlà, ká máa pè é ní awò níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti là.

"Kékeré" ló dùn mí jù. Awò oníke tí wọ́n ń rà fọ́mọdé lọ́jọ́ ọdún, kékeré nìyẹn. Èyí tí à ń sọ yìí kò kéré, ńṣe ló ń ká. Ẹ wo Victory Pocket 8x25 ti iléeṣẹ́ Zeiss: oríkèé kan ṣoṣo ló ní (oríkèé ni mo pe ibi tó ti ń ká, torí bí ìgbọ̀nwọ́ ṣe ń ṣẹ́ ló ń ṣẹ́), oríkèé yẹn kò sì sí láàárín, ẹ̀gbẹ́ kan ló yà sí. Swarovski CL Pocket 8x25 ti Ọ́síríà ní oríkèé méjì, ọ̀pá ọ̀tún àti tòsì á jọ ká wọ àárín. Èyí tó bá ká báyìí, awò àpò ni. Ẹnì kan dábàá "akásápò", ṣùgbọ́n ó ti sún mọ́ akápò jù, akápò sì ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́dọ̀ Ọ̀rúnmìlà àti nínú ẹgbẹ́. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé awò àpò á dàrú mọ́ àpò awò, ẹ fọkàn balẹ̀. Èdè wa ti yanjú ìyẹn látọjọ́ pípẹ́: èyí tó bá ṣáájú ni nǹkan náà gan-an.

"Olówó gọbọi" ńkọ́? Iye tí wọ́n tà á nìyẹn, kì í ṣe ìwà rẹ̀. A ti ní ojúlówó nílé. Ojúlówó awò àpò: ó tán.

Ibi tó wá ṣe pàtàkì jù lọ ni nọ́ńbà. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ pé 8x25 ní "agbára 25". Rárá o, ẹ má bínú. 8 ni ìlọ́po: ẹyẹ tó wà ní mítà 80 á dà bí ẹni pé mítà 10 ló wà. 25 jẹ́ ìbú ẹnu iwájú awò náà, ní mìlímítà. Ẹnu yẹn ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé.

Ẹ gbé awò náà jìnnà sójú títí apá yín á fi nà tán, kí ẹ kọ ẹnu iwájú rẹ̀ sí fèrèsé. Ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ róbótó kan nínú ojú ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ó léfòó síbẹ̀. "Ihò àbájáde" ni ẹ̀gbọ́n pè é. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká pè é ní ọmọlójú awò! Àwọn ará Róòmù àtijọ́ náà rí ọmọ nínú ojú: pupilla tí wọ́n ń pe ọmọlójú, ọmọdébìnrin ló túmọ̀ sí, nítorí àwòrán tíntìntín tí èèyàn máa ń rí tó bá tẹjú mọ́ ojú ẹnìkejì. Ẹ pín 25 sí ọ̀nà 8, ọmọlójú awò yẹn á jẹ́ mìlímítà 3 ó lé díẹ̀. Ti Leica Ultravid 8x20, tó fúyẹ́ jù nínú awò àpò mẹ́ta tí mo dárúkọ, jẹ́ 2.5. Ti 8x42 tí kì í wọ àpò lé ní 5. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọmọlójú tiwa á là sí i, ti awò kò ní là, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ wọ ojú wa kò sì ní tó mọ́.

Ẹyẹ kan wà nínú igbó IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, ìbátan ẹ̀ga, tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ ìlú náà sọ ní 1958: Malimbus ibadanensis. Gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló wà láyé yìí, ó sì ti ṣọ̀wọ́n. Ó ní ìbátan kan tó jọ ọ́, Malimbus rubricollis, dúdú tó fi pupa borí. Akọ ti Ìbàdàn ni pupa rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé àyà. Lókè igi, nírọ̀lẹ́, bí ọmọlójú awò bá kéré jù, pupa àyà yẹn á di dúdú lójú ẹni tó ń wò ó, á sì pe ẹyẹ Ìbàdàn lórúkọ ìbátan rẹ̀. Ẹni tí a sọ fún pé "agbára 25" kò ní mọ ohun tó ṣe é.

Ó ku ìbú ìran, ìyẹn bí ibi tí awò fi hàn lẹ́ẹ̀kan ṣe fẹ̀ tó. Ní ìjìnnà mítà 1,000, ti Zeiss jẹ́ mítà 130, ti Swarovski jẹ́ 119. Ẹ̀gbọ́n ló mú "ìbú ìran" wá, n kò sì ní fi ohunkóhun kún un.

Kọ̀bìtì àárín tí a ń fi ìka yí kí ẹyẹ tó hàn kedere ni n kò tíì rí orúkọ fún. "Ìyímọ́" ni mo ń pè é fúnra mi, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Bí ọdẹ kan bá wà lágbègbè yín tó ń lo awò yìí, ẹ bá mi bi í ohun tó máa ń sọ fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó bá fẹ́ kó yí i.