Báwo la ṣe máa gba owó bọọ̀hóòlù kí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wa (ìwé CAC) tó jáde?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á.

Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa ojúgbà, ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ gbẹ́ bọọ̀hóòlù sí ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò wa. Ó ń dùn mí gan-an bí àwọn aboyún ṣe ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi dání wá bímọ. A ti bu èrè díẹ̀ lé aṣọ tí a máa wọ̀ sí Ojúde Ọba, a sì ti dáwó láàárín ara wa. Kò tíì tó. Àwọn tiwa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ fi owó ránṣẹ́, àmọ́ wọn ò ní san án sí àkáǹtì ẹnì kan, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ká lè ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́, báńkì ní ká mú ìwé CAC wá, ìyẹn ìwé tí àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀ máa ń fúnni. Ìyẹn gba sùúrù: a gbọ́dọ̀ kéde nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, ká tún fi ọjọ́ 28 sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ takò ó. Iléyá sì ti dé tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ọ̀nà wo lẹ gbà kó owó jọ tí ọkàn gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ fi balẹ̀ kí ìwé tó jáde?

Mo dúpẹ́ ṣáájú o.